Àmọ̀kẹ́ Wa Tírélà Gba Inú Yàrá Kọjá

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, Bàbá Kúdí. Àlá ọ̀hún gbé ẹrù, ó sì ní táyà."

Bí Àmọ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ tó ti Sókótó dé. Kò tíì wẹ̀. Eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, àlùbọ́sà ló sì ń rùn látòkèdélẹ̀. Ó jókòó sí apá ìsàlẹ̀ ẹní tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìwó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà lé itan, ó bu òrí sọ́wọ́, ó sì ń fi pa ẹsẹ̀ náà láti orúnkún wá sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Jíńádù, ọkọ rẹ̀ tó ń pè ní Bàbá Kúdí, kọjú sí ògiri.

Ó ti kọjú sí ògiri kí Àmọ̀kẹ́ tó lọ. Ó kọjú sí ògiri nígbà tó dé.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni, ariwo ẹnu rẹ̀ a sì máa ṣáájú ọkọ̀ rẹ̀ wọ àdúgbò. Òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà, nígbà tí Àmọ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀ṣìngín ìyàwó tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní máa jókòó sílé ka ọjọ́. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ìbínú àti ẹ̀rín, tí àwọn èèyàn ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wo obìnrin tó ń yí sítíárìn tó tóbi ju àtẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá ní àárọ̀ kan, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùrù. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì lọ, ẹsẹ̀ òsì lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu sì bá wọn lọ. Dókítà ní bí wọ́n bá ń fi nǹkan pa á dáadáa, ẹsẹ̀ lè padà. Ní ti ọ̀rọ̀, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀, kí wọ́n ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ títí, kò tilẹ̀ hùn. Tírélà dúró síwájú ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, Àmọ̀kẹ́ lé adìyẹ kúrò, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀ náà.

"Ìwọ nìkan ṣoṣo?" Ìyá ti kígbe lọ́jọ́ náà. "Láti Ìwó dé Sókótó?"

"Ìyá, ẹni tó kọ́ mi mọ ohun tó kọ́ mi."

Ó kó abọ́ ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó kó àlùbọ́sà bọ̀. Ó la Jẹ́bà kọjá, ó la Kòǹtàgórà, ó la Yáúrì, ó lọ ó bọ̀, táyà kan ò fọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn ún lọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ọkọ rẹ̀ ò yíjú. Àmọ̀kẹ́ sì rò ó pé inú ń bí i. Ó rò ó pé, bóyá sítíárìn tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dì mú mọ́ ni òun lọ dì mú lójú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi lè sọ ìròyìn ìrìn àjò fún un tààrà. Àlá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ́.

"Níbo lo ti sùn lọ́sàn-án gangan?" ni Ìyá béèrè.

"Mọ́kwá ni, Ìyá. Oòrùn ń ta bí ata. Mo páàkì sábẹ́ igi dóńgóyárò kan, mo bọ́ sálúbàtà mi sílẹ̀, mo fẹ̀yìn tì nínú ọkọ̀, mo ní kí n kàn fojú pamọ́ díẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ká táńpólì sókè. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àlùbọ́sà ló ń sunkún. Gbogbo wọn pátá. Omi ń dà lójú wọn wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀."

"Àlùbọ́sà?"

"Àlùbọ́sà, Ìyá. Mo ní, 'Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pa àwa lẹ́kún, ta ló pa yín?' Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló dá mi lóhùn. Ó ní àwọn ò kúrò nílé rí, pé àwọn gbọ́ pé àwọn ará Ìwó ní ọ̀bẹ. Mo ní, 'A ní ọ̀bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò kánjú.' Mo tú gèlè mi, mo ń nù wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Gbogbo àpò tó wà níta yẹn?"

"Ta ló ń kánjú lójú àlá, Ìyá? Mo nu tọwọ́ òkè, mo nu tìsàlẹ̀. Ìgbà tí mo padà síwájú, mo bá orí tírélà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń jà. Ẹ̀yìn ló bínú. Ó ní, 'Ìwọ nìkan ló ń rí ọ̀nà. Èmi, ìpàkọ́ rẹ ni mo ń wò láti Sókótó.' Orí ní, 'Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ló wà.'  Ẹ̀yìn wá ní, 'Máa sọ ohun tó o bá rí fún mi.'"

 Àmọ̀kẹ́ bu òrí sí i. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀, níbi tí irun funfun ti ń yọ láàárín dúdú.

"Ṣé ó sọ ọ́ fún un?" ni Ìyá wí.

"Ó sọ ọ́. Bí a ṣe gbéra báyìí ló ń sọ ọ́. 'Màlúù rèé. Wọ́n pọ̀, ọ̀kan ń tiro. Igi òrí rèé. Ọmọge kan rèé tó ru fùrá, ó ń jà pẹ̀lú atẹ́gùn nítorí ìbòrí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan rèé tó ń ju ọwọ́ sí wa, mi ò mọ̀ ọ́n rí.' Ẹ̀yìn a ní, 'Ẹn-ẹn. Ẹn-ẹn.' Tírélà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí igbá òfìfo."

"Àlá tìẹ yìí dára."

"Kò tíì dé ibi tó burú, Ìyá. A dé Jẹ́bà. Odò Ọya ti kúrò nísàlẹ̀ afárá, ó gun orí afárá, ó ń ṣàn lókè níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni a wá ń gbà. Àwọn ẹja ń yọjú wò wá. Mo kí wọn. Lójú ọ̀run ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ́fíìsì kan ń léfòó, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọ̀pẹ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ọ̀gá kan fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ látinú rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó ta táì, ó ní kí n dúró. Mo dúró. Mo ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, sà.' Ó ní, 'Ta ló wà pẹ̀lú yín?' Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní òfin ò gbà á. Ó ní tírélà tó bá ń la orílẹ̀-èdè kọjá, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ jókòó níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn."

"Irùngbọ̀n?"

"Irùngbọ̀n, Ìyá. Ìwo méjì wá ń ti fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Èmi ò wí nǹkan kan. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, èèyàn kì í sọ fún un pé ìwo ti hù lórí rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ táì ọrùn rẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú má baà tì í. Òbúkọ ni, gidi. Ṣùgbọ́n ó ṣì ní àṣẹ."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Òbúkọ ìjọba!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Èjìká Jíńádù mì. Àmọ̀kẹ́ rí i, ó sì rò pé ikọ́ ni.

"Mo ní, 'Sà, ọkọ mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn.' Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó ọ̀hún o. Bẹ́líìtì nìkan ló wà níbẹ̀, ó ti de ara rẹ̀. Òbúkọ yìí ki orí bọ ojú fèrèsé, ó wo ìjókòó náà, ó wá fi pátákò ṣí fìlà lórí ìwo rẹ̀. Ó ní, 'Ẹ kú ọ̀nà, sà.' A dúró. Ìjókòó ò dáhùn. Òbúkọ sọ ọ́ sí mi létí, ó ní, 'Ṣé wọ́n ń bínú ni?' Mo ní…"

Àmọ̀kẹ́ fa òrí náà yí orúnkún ọkọ rẹ̀ ká. 

"Mo ní, 'Mi ò mọ̀, sà. Wọn kì í dá mi lóhùn mọ́.' Òbúkọ jẹ táì rẹ̀ títí ó fi tán. Ó wá ní, 'Ẹni tí kò fọhùn kì í ṣe adití. Èmi náà rèé. Láti ìgbà tí mo ti di èyí, bí mo bá ní ẹ jókòó, wọ́n á ní mèè ni mo ń ké. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ń sọ lójú mi tí mi ò gbọ́.' Ó fi pátákò lu táyà mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, 'Ẹ máa lọ, ẹ̀yin méjèèjì.'"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi ìka ti ẹ̀wà kan síwá sẹ́yìn nínú àtẹ, ó sì ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀.

"Bí a ṣe kúrò ní Jẹ́bà," ni Àmọ̀kẹ́ wí, "ọ̀nà ò lọ sí Ìlọrin mọ́. Ó yà wọ inú yàrá wa."

"Yàrá wo?"

"Yàrá wa tó wà lẹ́yìn yín yìí, Ìyá. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí tírélà náà bọ́ táyà tirẹ̀, kó má baà fi ẹrẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó bọ́ ọ, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èmi. Ó wá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Mo rọra ń yí sítíárìn. Mo yí i lára kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ìkòkò mi fà sẹ́yìn fún mi, wọ́n ní, 'Ó kù díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ wá. Ẹ wá.' Bẹ́ẹ̀dì ní, 'Ẹ má fọn fèrè o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.' Mo ní mi ò ní fọn ọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, Bàbá Kúdí. Ẹ kọjú sí ògiri. Ẹsẹ̀ yín òsì ti yọ kọjá bẹ́ẹ̀dì, ó nà sójú títì. Mo tẹ bíréèkì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà, báyìí, bí mo ṣe gbé e yìí. Ó tutù. Mo gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi aṣọ bò ó. Mo ní, 'Ẹ má bínú. Ká ní mo rí ibòmíì gbà ni, mi ò ní gba ibí kí n máa dà yín láàmú.' Mo dúró níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn mi láti bẹ́ẹ̀dì títí dé Jẹ́bà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó fọn fèrè. Gbogbo wọn ń dúró dè mí kí n wò yín tán."

 Ẹyẹ kan ń họ páànù lókè. Àmọ̀kẹ́ fi àtàǹpàkò fa òrí lọ sí gìgísẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì yára sọ̀rọ̀, torí ẹkún ti sún mọ́ ọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo gba ojú fèrèsé jáde. Ibẹ̀ ni òkè wà. Kì í ṣe òkè tí à ń gùn o, èyí tí à ń sọ̀ ni. Ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo rí Ìwó ní ìdí rẹ̀, ó kéré bí àwo. Ẹrù kún ẹ̀yìn mi, ó ń tì mí bọ̀, àwọn àlùbọ́sà ti bẹ̀rẹ̀ sí kígbe. Ni mo bá gbé jíà sí ìkẹrin…"

"Kejì."

Ohùn náà gbẹ, ó sì ń ha, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú àtẹ. "Ta ló sọ̀rọ̀?" ló wí, kò sì pariwo.

 Àmọ̀kẹ́ fi ojú bẹ Ìyá pé kó má kígbe. Ó ń ṣe é bíi pé ẹyẹ kan ló bà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá sì dìde, yóò fò lọ. Kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ náà. Ó sì lo ohùn tó ti ń lò bọ̀.

"Ìkẹrin ni mo gbé e sí," ló wí.

"Ke… kejì!"

Jíńádù yíjú. Ọrùn ló kọ́kọ́ yí, èjìká tẹ̀ lé e, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti ara rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kúrò lára ògiri. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, itọ́ sì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ìbínú. Àmọ̀kẹ́ mọ ìbínú náà dáadáa. Kì í ṣe èyí tó ti ń bà á lẹ́rù láti Ìwó dé Sókótó. Ti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ti ìgbà tó bá ṣi jíà gbé, tí ọkọ rẹ̀ a fi àtẹ́lẹwọ́ lu dáṣíbọ́ọ̀dù, tí yóò ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ pa wá!"

"Kí ni kejì?" ni Ìyá béèrè, omi ti dé ojú rẹ̀.

"Jíà ni, Ìyá. Wọ́n ní jíà kejì ni kí n fi sọ òkè náà, kí ọkọ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ká sọ òótọ́, àlá ti tán. Orí òkè yẹn náà ló ti tán. Bí tírélà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ ni ohun kan gbá ara ọkọ̀ gbì, tí Àmọ̀kẹ́ lajú sí ọ̀sán gangan ní Mọ́kwá, tó rí òbúkọ kan nísàlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì, ó ń jẹ okùn sálúbàtà rẹ̀. Oorun ò tíì dá lójú obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ẹ̀pà lábẹ́ igi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà sílẹ̀. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba sálúbàtà rẹ̀, ó dì í, ó sì ń bọ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n èwo ni ká sọ fún Jíńádù pé àlá tán? Àmọ̀kẹ́ tún òkè náà gbé, ó fi kún gígùn rẹ̀.

"Ó ti bọ́ ná, Bàbá Kúdí. Eré ti pọ̀. Mo ní kí n kúkú tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí n má ṣí ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́."

"Rárá!" Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lu ẹní. "Dí… dí…" Ọ̀rọ̀ náà há. Ó pa ojú dé, ó wá a, ó sì rí i fà jáde. "Díẹ̀díẹ̀."

"Díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tú u. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tú u. Ṣùgbọ́n omi ti kún ojú mi, mi ò ríran. Mo ní kí n fi sítíárìn sílẹ̀, kí n nu ojú."

"Dì í mú."

"Ojú mi ò ríran, Bàbá Kúdí."

Jíńádù na ọwọ́ rere náà, ó mú ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó kún fún òrí, ó dì í, òrí mú kí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó tún un dì. "Dì í… mú."

Àmọ̀kẹ́ sunkún nígbà náà, láìfi bò. Ìyá ti fi ìbòrí bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. 

"Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn. Mo rò pé inú ń bí yín pé mo gbé ọkọ̀ yín."

Ọkọ rẹ̀ mi orí. Ó wo ògiri fìrí, bí ẹni tí ojú ń tì nítorí ohun tí ògiri náà ti rí lójú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá wá, ó sì padà wo obìnrin náà, eruku ìpéǹpéjú rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

"Mo wà," ló wí. Ó gba agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn fi yọ níwájú orí rẹ̀. "Mo wà… ńbẹ̀."

 Àmọ̀kẹ́ jẹ́ kí ó mí. Ó ń gbé tírélà náà bọ̀ nísàlẹ̀ òkè, pẹ̀lú jíà kejì, ó ń sọ ohun tó ń rí fún un bó ṣe ń rí i: ilé àkọ́kọ́ ní ẹnu odi ìlú, kànga, mọ́ṣáláṣí, igi máńgòrò ilé àwọn aládùúgbò. Òkè náà ń tẹ́jú bọ̀. Ó bi í pé ṣé kí òun yà lápá òsì, ó ní kó yà. Àwọn àlùbọ́sà ti dákẹ́.

"Mo ti dé iwájú ilé," ni Àmọ̀kẹ́ wí nígbà tó yá. "Níbo ni kí n páàkì sí?"

Jíńádù rọra sún ara rẹ̀ sẹ́yìn lórí ẹní, ó jìjàdù, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lu ibẹ̀.

"Ibí."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú. Àwọn tó wá ra àlùbọ́sà ni, wọ́n ti rí tírélà níta, wọ́n mú báárò dání. Wọ́n ní àwọn ń wá Àmọ̀kẹ́, ṣé ó ti dé?

Ìyá dìde, ó fi etí ìbòrí nu ojú, ó lọ dí ẹnu ọ̀nà fún wọn.

"Ẹ ní sùúrù," ló wí. "Ó ṣì ń páàkì."